Orúkọ Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Lábẹ́ Nọ́ńbà Kan

Ẹ̀yin aránṣọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi fóònù gba nọ́ńbà owó-orí lórí ìjókòó, tí ẹ ó sì tún máa kùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, ẹ fún mi láyè kí n sọ tiwa. Nǹkan bí ọdún 2007 sí 2008 ni, ní Ìkòròdú. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́ pé kí olúkúlùkù wá gba nọ́ńbà tí wọn yóò máa fi dá a mọ̀ nídìí owó-orí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ nígbà náà, ẹgbẹ́ tó kó Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ sábẹ́ alága kan. Mo ti sọ ìtàn ìjà yìí ní ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Ibi tí mo máa ń parí rẹ̀ sí kọ́ ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe. Nígbà tiwa, ẹni tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó sì gba fíríìdọ́ọ̀mù kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. O lè ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, o lè lọ́kọ, o lè bímọ mẹ́rin, ọmọ ilé ọ̀gá rẹ náà ni ọ́. Bí ẹgbẹ́ bá dá owó, ọ̀gá ni wọ́n ń bi, òun ni yóò sì wá bi ọ́. Bí oníbàárà bá bínú nítorí aṣọ tó bàjẹ́, ilé ọ̀gá rẹ ló ń lọ kó tó lọ sí tèṣán. Ọ̀gá tèmi ni Ìyá Fọlákẹ́, ní Lásùnwọ̀n nínú Ìkòròdú níbí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá yọ gíláàsì ojú rẹ̀ tó wò ọ́, wàá tú ohun tí o ń rán láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kọ́ níṣẹ́ la ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, a fọ́n ká láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀jìnrìn.

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ owó-orí wá, ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá la kóra jọ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì mọ́rùn ni, òógùn ti bò ó. Ó kó fọ́ọ̀mù wá, ti olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ọ̀gá gba tirẹ̀, a bá a kọ ọ́. Ó wá kan àwa yòókù, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lójú. Ta ni yóò na ọwọ́ gba fọ́ọ̀mù níṣojú ọ̀gá rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé òun náà ti tó? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, tí mo fẹ́ kí Ọ̀gá rí i pé òun kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ilé mọ́ iṣẹ́, mo wá ọ̀nà àbáyọ. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù Ọ̀gá, àyè kan wà tí wọ́n ní ká kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sí. Mo kọ orúkọ wa síbẹ̀, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tèmi ló ṣíwájú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó. Ó ní, "Màdáàmù, àwọn wọ̀nyí ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn o. Ó yẹ kí kálukú ní nọ́ńbà tiẹ̀."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò mọ bá a ṣe ń ṣe níbí. Abẹ́ ọ̀gá wa la wà."

"Ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà sì mi orí sí mi. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé àwọn ilé ọ̀gá yòókù ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pé bí wọ́n ti ṣe ní Lásùnwọ̀n nìyẹn, àwọn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Ìtẹríba la fi ṣe é, ọwọ́ tèmi ló sì kọ́kọ́ kọ ọ́.

Ọdún náà ò tíì parí tí mo fi lọ ṣí àkáùńtì fún ṣọ́ọ̀bù mi ní báńkì. Wọ́n béèrè nọ́ńbà owó-orí, mo sì fún wọn ní ti Ọ̀gá tọkàntọkàn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Mà, ìyá kan ló ni nọ́ńbà yìí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ní ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí.

"Ẹ lọ gba tiyín wá, mà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ ò tíì sí."

Pẹ̀lú ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, kò ní in lọ́kàn láti bú mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti nǹkan bí ogún ọdún, ó sì wá dà bí ẹni pé n kò tíì dáyé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo yọ́ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí, mo gba nọ́ńbà tèmi. N kò sọ fún Ọ̀gá. Mo ní n ó sọ tó bá yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi sílẹ̀ dìgbà tó bá yá, ẹlòmíì ló sábà máa ń bá a sọ ọ́.

Ìdìbò ẹgbẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ di ìjà. Alága wa ti wà lórí àlééfà fún sáà méjì. Iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń gbé fún ẹgbẹ́ wa, òun àti àwọn ọ̀gá díẹ̀ ní Ìkòròdú ló ń pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí tó ń kan àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn kò ju kí wọ́n bá wọn gán bọ́tìnnì lọ. Ìgbà náà ni Mulikátù, aránṣọ kan láti Ẹ̀pẹ́, jáde láti bá Alága du ipò. Ohùn rẹ̀ le, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ní bí òun bá wọlé, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gba iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kan jẹun ló fẹ́ ẹ, a sì pọ̀.

Alága mọ̀ pé a pọ̀. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, ó gbé òfin tuntun jáde: nọ́ńbà owó-orí ni wọn yóò fi dìbò, ìbò gbogbo orúkọ tó bá sì wà lábẹ́ nọ́ńbà ọ̀gá kan, ọ̀gá náà ni yóò dì í. Mo dìde, mo ní ìyẹn kì í ṣe ìbò, olè ni.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Akọ̀wé, ṣé àwa la kó yín sábẹ́ ọ̀gá yín ni? Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn. Mo gun ọ̀kadà láti Ìtòìkín wọ Ẹ̀jìnrìn, mo bá àwọn aránṣọ tó wà níbi ọjà etí ọ̀sà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò sí àyè mọ́ láti gba nọ́ńbà kí ìdìbò tó dé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ ọ̀gá wa, kí gbogbo wa dìde pọ̀, ká ní a wà níbí fúnra wa. Ẹnì kan dìde, wọn á ní ó ya aláìgbọràn. Ogún bá dìde, àwọn ìgbìmọ̀ ló máa wá ibi jókòó sí. Àwọn obìnrin náà ní àwọn gbà. Wọ́n di ẹja yíyan sínú ọ̀rá fún mi, wọ́n sì sìn mí dé ìdí ọ̀kadà.

Bísí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ọmọ Ìkìrun ni, ó wá láti Ọ̀ṣun, yàrá kan ló háyà lẹ́bàá ilé wa. Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ó ní, "Bó o bá ti dìde báyìí, èmi náà á dìde. Ṣé wàá nìkan gba ìbínú ìyá yẹn ni?"

Mo ní, "Bísí, má dójú tì mí o."

"Háà! Èmi?"

Gbọ̀ngàn iléèwé kan la ti dìbò, ní àárọ̀ Sátidé. Alága dúró lápá ọ̀tún, Mulikátù dúró lápá òsì, ọ̀gá tí wọ́n bá pè yóò lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n pe Ìyá Fọlákẹ́, Ọ̀gá dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gba apá ọ̀tún lọ. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ké pé, "Méjìdínlọ́gbọ̀n!"

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ dúró ná. A wà níbí fúnra wa. Kálukú wa ló máa dìbò tiẹ̀."

Mo wá wẹ̀yìn. Bísí ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀jìnrìn tó wá, ọ̀kan ń fún ọmọ lọ́mú, èkejì ń wá nǹkan nínú báàgì, nǹkan náà kò sì yéé sọnù. N kò rí ojú ẹnì kan tó pàdé tèmi. Mo rántí pé mo retí títí, bóyá wọ́n kàn ń lọ́ra ni.

Ọ̀gá yọ gíláàsì rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè rárá.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló kọ orúkọ àwọn wọ̀nyí sábẹ́ nọ́ńbà mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Lọ jókòó."

Ó kù díẹ̀ kí n jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgboyà ló gbé wa ró nígbà náà. Ìtìjú ni tèmi. Ojú ń tì mí láti dúró, ó sì ń tì mí jù láti jókòó. Mo ní, "N ò ní jókòó, mà," mo sì rìn kọjá láàárín gbọ̀ngàn lọ sẹ́yìn Mulikátù.

Alága ní, "Èwo la fẹ́ ka ìyẹn sí? Kò ní nọ́ńbà."

Mo yọ ìwé nọ́ńbà mi nínú àpò. "Mo ní tèmi."

Ariwo ta. Ọ̀gá nìkan ni kò pariwo. Ó bi mí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé àwa méjì nìkan ló wà níbẹ̀, "Ìgbà wo lo gbà á?"

"Ọdún tó kọjá, mà."

"Ọdún tó kọjá." Ó fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Kò tún wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìbò tí mo fi dù ú ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé mo ti kó jáde nínú ilé rẹ̀ láti ọdún kan, mo sì ń wá kí i láràárọ̀ bí ẹni tó ṣì ń gbé ibẹ̀.

Wọ́n kọ ìbò kan fún mi. Alága wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín.

Láàárín oṣù kan, wọ́n yọ mí nípò akọ̀wé. Òbí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì wá kó ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí ẹni tó bá ọ̀gá rẹ̀ jà lè fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Níbi ayẹyẹ fíríìdọ́ọ̀mù tí mo lọ, ìjókòó ọ̀tún mi ṣófo, tòsì náà ṣófo. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, Ọ̀gá máa ń se oúnjẹ fún gbogbo àwa tó kọ́ níṣẹ́. Lọ́dún yẹn, èmi jókòó sílé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń kọjá lọ sí Lásùnwọ̀n ní ojú fèrèsé mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ojúmọ́ tó mọ́, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé nọ́ńbà yìí, ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, mo sunkún lórí ẹ̀rọ mi, mo ní láti fọ aṣọ oníbàárà kí n tó lè lọ̀ ọ́.

Bísí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò wọlé, ojú fèrèsé ló dúró sí.

"Àbúrò mi obìnrin ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo ní, "O lè wò mí. Wíwò lásán, Bísí."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, ọ́fíìsì tó o ti gba nọ́ńbà yẹn, ọ̀nà ibo ló wà?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo mú Bísí lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn wá ní ìkọ̀kọ̀, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Òmíràn tún wá, òun náà ní kí n má sọ. Àwọn méjì láti Ẹ̀jìnrìn wá lọ́jọ́ kan náà láìmọ̀, wọ́n pàdé lórí ìlà ní ọ́fíìsì, wọ́n fi gèlè bojú fún ara wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn àgbà ti wí. Akọ̀wé ọ́fíìsì ṣàlàyé fún wa pé gbígba nọ́ńbà tuntun kò tó, pé ẹni tó bá wà lábẹ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kọ lẹ́tà, nítorí náà mo bá wọn kọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó gbà wá ju ọdún kan lọ. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Àwọn ilé ọ̀gá yòókù rí i, àwọn ọmọ wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tí ìdìbò mìíràn fi máa dé, òfin Alága ti kú fúnra rẹ̀, kò sí ìbò ọ̀gá mọ́, ẹnì kan ìbò kan ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ibi tí mo máa ń parí ìtàn sí nìyí, tí ẹ ti máa ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí n kì í sọ ni pé Mulikátù ti fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ nígbà náà, ó ti ń ta ẹja dídì, kò sì wá síbi ìdìbò. Iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù tí a tìtorí rẹ̀ jà, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì, kò sì padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa mọ́.

Ọ̀gá kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Èmi náà kò lọ bá a. Mo ń sọ fún ara mi pé òun ló yẹ kó ránṣẹ́ pè mí, pé mo jàre. Ọdún mẹ́fà la fi wà bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú kan náà. Níbi ìsìnkú rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ síwájú, mo dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Fọlákẹ́ ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àǹtí, mo lọ ti ìwé màmá pa ní ọ́fíìsì owó-orí. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ṣì wà lábẹ́ nọ́ńbà màmá."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Iye orúkọ tó wà lábẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi ń bu owó-orí lé ilé iṣẹ́ lórí. Láti ìgbà tí mo ti kọ orúkọ wa sẹ́yìn fọ́ọ̀mù yẹn, Ọ̀gá ló ń san ti gbogbo wa, kò sì fẹnu kàn án fún ẹnì kan lára wa. Ó ta ẹ̀rọ rẹ̀ kan lọ́dún kejì, ó ní ó ti ń dá òun lágara. Bí lẹ́tà wa ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan ni ẹrù ń fúyẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ ní kò dunnú sí èyíkéyìí nínú wọn, á ní, "Òmíì tún ti lọ." Ó wá ku orúkọ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ bi í bóyá kí àwọn pa á rẹ́.

"Màmá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé ọmọ òun ni, bó bá fẹ́ lọ, á kọ lẹ́tà. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń san tiyín."

Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà tèmi ni mo kọ́kọ́ gbà, kí n tó gbọ́ pé lẹ́tà wà rárá, n kò sì rántí ara mi nígbà tí mo ń kọ ti ẹlòmíì.

Ẹ bi mí ohun tí a jèrè: aránṣọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ níwájú ìjọba àti níwájú ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó lè bá a dìbò rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ náà padà, n ó tún dìde. Ohun tí a pàdánù, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín: kálukú ló wà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, oníbàárà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn àgbà tó gbé wa sórí láìsọ̀rọ̀, a kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ni gbèsè tó kù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé mo dá wà láyé. Obìnrin kan ní Lásùnwọ̀n ń kà mí mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún, ibi tí mo wà sí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, n kò sì rìn ín.